Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun lójú ọjà Guatemala, ẹ wá dá sí i o

Àṣàkẹ́_Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin ń lọ sí Guatemala lóṣù tó ń bọ̀, Antigua la máa dé sí, a sì fẹ́ dé ọjà Chichicastenango tí gbogbo ayé ń sọ yẹn. Mi ò fẹ́ jẹ oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì o, oúnjẹ táwọn ìyá ń tà lójú ọjà gan-an ni mo fẹ́ jẹ, àwọn tí wọ́n fi ewé dì, àwọn tí wọ́n ń dín lójú ẹni. Níbí ní Houston, àwọn ará El Salvador àti Guatemala pọ̀ ládùúgbò wa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ pupusa wọn, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó nǹkan sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ti ilé ọ̀hún á yàtọ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ jẹ, níbo ni ká ti jẹ ẹ́, báwo la ṣe máa ṣe é tí inú ò fi ní run wá? Àbúrò ọkọ mi yìí Mùsùlùmí ni, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í fẹnu kan ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ rárá, ẹ bá mi ro tiẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti débẹ̀ ni kó sọ̀rọ̀ o, mo ti wo fídíò YouTube tó.

Alájàpá
Ẹ kú ìmúra. Mo gbé Antigua fúngbà díẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ Spanish, torí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò lédè pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má tíì sáré lọ Chichi, ìyẹn Chichicastenango. Ẹ kọ́kọ́ lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì La Merced, ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi funfun ṣe ọnà sí lára, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n nílùú. Àwọn obìnrin máa ń pàtẹ oúnjẹ síbẹ̀ pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, tó bá ti dìrọ̀lẹ́ báyìí, àwọn ará ìlú fúnra wọn lẹ máa rí tí wọ́n jókòó tọmọtọmọ tí wọ́n ń jẹun. Ibẹ̀ dáa fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé torí nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà, ẹ lè tọ́ mẹ́ta mẹ́rin wò kẹ́ ẹ tó yó.

Rellenito ni màá ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dáadáa ni wọ́n ń sè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kúnná, wọ́n á wá mú ẹ̀wà dúdú tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà àti sinamọ́ọ̀nù sí, wọ́n á fi í sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n á fọwọ́ rọ ọ́ kó rí roboto gígùn díẹ̀, wọ́n á dín in, wọ́n á wá wọ́n ṣúgà lé e lórí. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà oníṣúgà lè má bá ọ̀pọ̀ wa lára mu tá a bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ìta ẹ̀ á ti sè wọnú díẹ̀ tó máa pọ́n fòò, inú ẹ̀ á rọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ parí sí tí ẹ̀wà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi atol de elote tì í. Àgbàdo tútù ni wọ́n lọ̀, wọ́n sè é pẹ̀lú mílíìkì, ṣúgà àti sinamọ́ọ̀nù, orí iná ni wọ́n ti ń bù ú féèyàn, ẹ máa rí wóró àgbàdo díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀. Òtútù máa ń mú ní Antigua lálẹ́ o, ìlú náà ga ju òkun lọ ní bíi mítà 1,500, ẹ mú súwẹ́tà dání.

Lọ́sàn-án, ẹ lọ sọ́jà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì bọ́ọ̀sì lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú. Àwọn búkà wà nínú ọjà yẹn, comedor ni wọ́n ń pè é, ìkòkò ọbẹ̀ á wà níta, ẹ ṣáà na ọwọ́ sí èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Pepián ni kẹ́ ẹ bèèrè. Kóró elégédé, yànmọ̀tí, tòmátì, àlùbọ́sà àtàwọn ata gbígbẹ ńláńlá kan ni wọ́n ń yan lórí agbada títí ara wọn á fi dúdú díẹ̀, wọ́n á wá lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló máa mú ọbẹ̀ yẹn ki. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀gúsí dàgbà á mọ ibi tí adùn yẹn ti ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ìdílé kan náà ni elégédé àti bàrà tá a ti ń yọ ẹ̀gúsí, àmọ́ ti wọn yìí máa ń ní òórùn yíyan yẹn nínú, àwọ̀ ẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Adìẹ ló máa ń wà nínú ẹ̀ jù, pẹ̀lú ìrẹsì àti tortilla, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2007 ìjọba wọn ka pepián mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà, òun àti jocón (ọbẹ̀ adìẹ aláwọ̀ ewé), kak'ik (ọbẹ̀ tòlótòló) àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sínú ọbẹ̀ mole.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ọ̀rọ̀ adùn tó gbé wa lọ. Mo ti lọ sí Guatemala àti El Salvador, mo jẹun lójú títì níbẹ̀ dáadáa, inú ò sì yọ mí lẹ́nu, ìdí sì ni pé mo ń wo nǹkan kí n tó jẹ ẹ́.

Ohun tó bá ń bọ́ látorí iná bọ́ sọ́wọ́ yín, tó ń jó yín lọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ti sè tipẹ́ tó wà nínú abọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí eṣinṣin ń bà lé, ẹ kọjá níbẹ̀. Ẹran tí wọ́n ti dín sílẹ̀ láàárọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀sán lẹ̀yin débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dá a padà sínú epo, wọn ò ní bínú. Omi ẹ̀rọ, ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ eyín pàápàá, omi inú ike tàbí inú gálọ́ọ̀nù làwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń rà, agua pura ni wọ́n ń pè é. Ice blọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fá sínú kọ́ọ̀pù tí wọ́n da omi dídùn aláwọ̀ mèremère lé, granizada, ó wu ojú lóòótọ́ nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀. Èso tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín bó, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò, kò séwu. Èyí tí wọ́n ti gé sínú náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ láti àárọ̀ ni mi ò fara mọ́.

Ẹ mú ORS dání, oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fẹ́ni tó ń ṣu gbuuru, ẹ̀yà oníyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, mẹ́rin márùn-ún kò wúwo nínú báàgì. Tí kò bá sí, lítà 1 omi tó mọ́, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ẹ rò ó pọ̀, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá wá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tàbí tí ibà gbígbóná bá bá a wá, ẹ má jókòó sílé máa mu àgbo, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá jẹ́ pé láti Nàìjíríà ló ti ń lọ tààrà ní láti mú yẹ́lò káàdì dání, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn, wọ́n máa bèèrè ẹ̀.

Ohun kan tó kù ni ewébẹ̀ tútù. Ewébẹ̀ tí wọn ò sè, mi ò jẹ ẹ́ lójú ọjà. Ó parí.

Dèjì_LA
Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́, mo gba gbogbo ẹ̀ àyàfi ìparí yẹn. Aya mi ọmọ Guatemala ni, ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí Àṣàkẹ́ má jẹ ewébẹ̀ tútù rárá, ẹ ti ní kó má jẹ enchilada nìyẹn. Enchilada ti Guatemala kì í ṣe ti Mẹ́síkò tẹ́ ẹ mọ̀ ní Houston o, tortilla tí wọ́n dín gan tó ń hanrun ni, wọ́n á fi ẹran lílọ̀ lé e, wọ́n á wá kó curtido lé e lórí gègèrè, beetroot, kábéèjì, káróòtì, wọ́n á fi ẹyin sísè tí wọ́n gé pẹlẹbẹ àti wàràkàṣì gbígbẹ dé e lórí. Àwọ̀ beetroot yẹn máa kun ọwọ́ àti ètè yín. Curtido yẹn, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú fínígà, kì í ṣe bíi lẹ́túùsì tí wọ́n kàn ṣan lómi ẹ̀rọ. Ẹ wò ó tó bá kan dáadáa, tó sì wà nínú ohun tó ní ọmọrí, ẹ jẹ ẹ́. Lẹ́túùsì ni kẹ́ ẹ bá ọ̀ràn jà.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Bọ̀dá Dèjì, fínígà ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Mo gbà fún curtido níbi tí èrò pọ̀ sí, tí wọ́n ń tà á tán tí wọ́n ń ṣe òmíràn. Níbi tí kò sí èrò, mi ò gbà.

Dèjì_LA
Ìyẹn náà dáa. Èrò ló ń sọ òtítọ́ lójú ọjà.

Àṣàkẹ́, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé oúnjẹ wọn ní ọjọ́. Ẹ lè rìn káàkiri ọjà lọ́jọ́ Tuesday kẹ́ ẹ má rí tamal gidi kan, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì bíi mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tamales jákèjádò Guatemala. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa rí iná pupa lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé kan àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, ẹ má fòyà, àmì pé tamales ti jinná nílé yẹn ni, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ rà. Ọjọ́ Thursday ni ti paches, ìyẹn dàbí tamal ṣùgbọ́n ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é dípò àgbàdo, apá Quetzaltenango lókè lọ́hùn-ún ló ti wá. Ní December wọ́n máa ń ṣe tamal dúdú, èyí tó dùn, tó ní ṣokoléètì àti èso gbígbẹ nínú. Ní November 1, fiambre ni, sàláàdì ńlá olóríṣiríṣi ẹran tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó ti kú, inú ilé ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ jù.

Mo ti jókòó ti ìyá ìyàwó mi níbi tó ti ń dì tamal. Ewé gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní maxán ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ́kọ́ nu ún mọ́ lójú méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré sáàárín ẹ̀. Masa, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ti ro lórí iná, ni wọ́n máa bù sí i, wọ́n á fi ṣíbí tẹ àárín ẹ̀, wọ́n á bu ọbẹ̀ pupa sí kòtò yẹn, ẹran kan, ata tàtàṣé gígùn kan, èso olifi kan. Wọ́n á ká ewé yẹn bí àpò ìwé, wọ́n á fi okùn cibaque dè é lámùdè, okùn yẹn ti wà nínú omi látàárọ̀ kó má baà já. Gbogbo ìgbà tí mo bá ra tamal lọ́jà, okùn yẹn ni mo ń kọ́kọ́ wò. Tó bá ṣì tutù rinrin tí ewé sì ń rú èéfín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò jáde ni. Ẹ ṣọ́ra fún kóró olifi àti eegun inú ẹran o, wọn kì í yọ ọ́. Ẹ má jẹ ewé.

Ọmọ_Àlàájì
As-salamu alaykum. Mo fẹ́ bá àbúrò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, torí mo ti rìn ní Guatemala àti El Salvador, ẹ̀sìn mi ò sì bàjẹ́. Ẹran tójú rí kọ́ ni ìṣòro ẹ̀, èyí tójú ò rí ni. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní manteca ni wọ́n ń po mọ́ masa tamal àti chuchito (tamal kékeré) kó lè rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Nítorí náà tí wọ́n bá sọ pé de pollo, pé adìẹ ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò tíì tó, masa tó yí adìẹ yẹn ká ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà tí wọ́n dín, àwọn kan ń lo òróró, àwọn kan ń lo manteca. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n: «¿Lleva manteca?» àti «¿Es de cerdo o es aceite?» Ní Guatemala, wọ́n máa ń pe ẹlẹ́dẹ̀ ní coche náà, nítorí náà tí wọ́n bá gbé oríṣi ẹran kan wá tí wọ́n ní coche, ẹ yáa yà kúrò níbẹ̀.

Ohun tó lè jẹ láìsí ìbẹ̀rù pọ̀. Tortilla tí wọ́n ń fọwọ́ pẹ́ lójú yín, àgbàdo, omi àti ẹfun tí wọ́n fi sè é nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí ọ̀rá kankan. Atol de elote. Àgbàdo yíyan tí wọ́n fi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa lára. Píà tí wọ́n tẹ̀, ẹyin. Máńgòrò tí kò pọ́n tí wọ́n fi òroǹbó, iyọ̀ àti kóró elégédé lílọ̀ sí, ẹ ní kí wọ́n gé e lójú yín. Rellenito, ẹ bèèrè irú epo tí wọ́n fi dín in, òróró ló máa ń jẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè.

Ẹran adìẹ àti màlúù tí wọn ò pa nílànà wa, ìyẹn á yàn fúnra ẹ̀. Èmi kò jẹ ẹ́, ẹja àti ẹyin ni mo fi rìn, ebi ò pa mí.

Pupusa El Salvador náà ńkọ́, tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má fi ṣeré, ẹ ní kí wọ́n ṣe ti wàràkàṣì àti loroco fún un, òdòdó kékeré aláwọ̀ ewé kan ni loroco, òórùn ẹ̀ le díẹ̀ ó sì dáa. Chicharrón inú pupusa, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ni, ó máa ń rí bíi tòmátì lílọ̀ lójú, kí ó má baà tàn án jẹ. Nílùú Olocuilta, ìrẹsì ni wọ́n máa ń fi ṣe pupusa dípò àgbàdo, ó fúyẹ́ jù lẹ́nu. Àti pé lórí irin gbígbóná kan náà ni wọ́n ń yan gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó fúnra ẹ̀ pinnu.

Ìyá_Ìbejì
Ọlọ́run á mú yín dé ibẹ̀ dé ilé o. Àsìkò tí mo lọ, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi. Owó wọn quetzal, dọ́là kan lé ní quetzal 7 ààbọ̀. Ẹ má gbé owó 100 tàbí 200 lọ bá ìyá tó ń ta chuchito, kò ní ṣéńjì, ìgbà tó bá wá ń sáré wá a kiri oúnjẹ á ti tutù. Ẹ kó owó 5, 10 àti 20 sápò kan lọ́tọ̀, sencillo ni wọ́n ń pe owó wẹ́wẹ́. Ẹ bèèrè iye ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á, «¿A cómo?» ti tó. Ìyá tàbí obìnrin tó ń tà, ẹ pè é ní seño, ohun tí gbogbo èèyàn ń pè wọ́n nìyẹn, wọ́n mọ̀ pé ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn.

Aṣọ àti ère lẹ lè ná, kódà wọ́n ń retí kẹ́ ẹ ná an. Oúnjẹ, ẹ má ná an. Iye tí wọ́n ń tà á fún ará ìlú lẹ máa gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó bá sì ṣe yín bíi pé wọ́n fi díẹ̀ lé e, ẹ dúró kí ẹni tó wà níwájú yín sanwó, ẹ fojú wò ó. Tẹ́ ẹ bá kọjá lára ẹni tó ń jẹun, ẹ sọ pé «buen provecho», wọ́n máa dáhùn tẹ̀rín tẹ̀rín. Ẹ mú tísù àti sánítáísà dání, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà máa ń gba owó kékeré.

Alájàpá
Mo padà wá torí Chichi. Ọjọ́ Thursday àti Sunday ni ọjà yẹn, ẹ má lọ lọ́jọ́ míì. Láti Antigua, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń gbé àlejò máa ń lọ lọ́jọ́ ọjà, ó tó wákàtí méjì ààbọ̀, ọ̀nà rẹ̀ ní kọ́nà púpọ̀, ẹni tí ọkọ̀ máa ń rìn lára kó má jẹun púpọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, torí tó bá ti di ọ̀sán àlejò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Àwọn K'iche', ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Maya, ló ni ìlú yẹn, wọ́n ṣì ń sọ èdè wọn lójú ọjà, Spanish ni èdè kejì. Ẹ kọ́ «maltyox», ìyẹn ni ẹ ṣé, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ẹ máa rí bí ojú wọn ṣe máa tàn. Ṣọ́ọ̀ṣì Santo Tomás wà létí ọjà, wọ́n ti kọ́ ọ láti nǹkan bí ọdún 1540, àwọn babaláwo tiwọn ń sun tùràrí copal lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ títí di òní. Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ má sì ya fọ́tò nínú ẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ tẹ́ ẹ rà jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn. Ibi ẹbọ ni, ó yẹ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àárín ọjà gan-an, lẹ́yìn àwọn alásọ, ni àwọn búkà wà, bẹ́ǹṣì gígùn, táńpólì lókè, èéfín igi. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ máa gbọ́ àwọn obìnrin tó ń pẹ́ tortilla kẹ́ ẹ tó rí wọn, pẹ́-pẹ́-pẹ́, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí bó ṣe ń fẹ̀, wọ́n á jù ú sórí agbada gbígbóná tí wọ́n ń pè ní comal, wọ́n á fìka yí i padà láìlo ṣíbí. Ẹ wá tortilla dúdú, ti àgbàdo dúdú, adùn ẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ẹ ra caldo, ọbẹ̀ olómi tó ní odidi àgbàdo gígé, ànàmọ́ àti ẹran nínú, ẹ máa já tortilla sí i. Ẹ lọ wo òkè ilé ọjà ewébẹ̀ náà, ẹ dúró létí irin òkè, ẹ wolẹ̀, gbogbo tòmátì, karọ́ọ̀tì, ata àti aṣọ aláràbarà máa tẹ́ lọ lábẹ́ yín.

Dèjì_LA
Ẹ ṣeun Alájàpá. Tẹ́ ẹ bá rí òkúta funfun tí wọ́n tò sílẹ̀ lójú ọjà, cal nìyẹn, irú ẹfun tí wọ́n fi ń kun ara ilé. Òun ni gbogbo oúnjẹ yìí dúró lé. Wọ́n ń fi omi ẹ̀ se àgbàdo gbígbẹ, wọ́n á jẹ́ kó sùn mọ́jú, èèpo á bó, wọ́n á ṣan án, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Láìsí i, àgbàdo lílọ̀ lásán kò ní dì mọ́ra tí wọ́n fi lè fọwọ́ pẹ́ ẹ, á máa fọ́ ni. Ó tún ń tú fítámì B3 sílẹ̀ nínú àgbàdo, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn ibẹ̀ fi lè máa jẹ àgbàdo láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí pellagra, àìsàn tí àìtó fítámì yẹn ń fà, ò sì pa wọ́n. Àwọn ará Yúróòpù gbé àgbàdo lọ láìgbé ọgbọ́n yẹn lọ, ó sì jẹ wọ́n níyà. Inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn K'iche', àgbàdo aláwọ̀ ìyeyè àti funfun ni wọ́n fi mọ ènìyàn àkọ́kọ́. Ìyá ìyàwó mi kì í jẹ́ kí tortilla kan bọ́ sílẹ̀ láìmú un.

Àṣàkẹ́_Houston
Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á sọ ọwọ́ yín di ńlá. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Ata ńkọ́? Èmi kì í jẹ oúnjẹ tí kò ta. Kí sì ni Mùsùlùmí wa lè mu yàtọ̀ sí atol àti kóòkì?

Ìyá_Ìbejì
Oúnjẹ wọn fúnra ẹ̀ kì í ta, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé ata sí. Ẹ bèèrè chiltepe, ata róbótó kékeré tó dà bí ẹyin ẹja, má foju kéré ẹ o, tàbí cobanero, ata gbígbẹ tí wọ́n fi èéfín gbẹ tí wọ́n sì lọ̀. Ti mímu, ẹ mu rosa de jamaica. Ìṣápá pupa ni, igi kan náà tá a fi ń ṣe sóbò, láti ilẹ̀ Áfíríkà ló ti débẹ̀. Tútù ni wọ́n máa ń mu ún, nítorí náà ẹ béèrè bóyá agua pura ni wọ́n fi ṣe é, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n má fi ice sí i.

Akin_atukọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí ọ̀rọ̀ oúnjẹ Guatemala láìdárúkọ Livingston. Mo ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lápá Caribbean yẹn. Ìlú àwọn Garifuna ni, kò sí títì tó débẹ̀, ọkọ̀ omi láti Puerto Barrios tàbí Río Dulce lẹ máa wọ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ erékùṣù St Vincent ló pàdé lára wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1797, wọ́n kó wọn dà sí Roatán ní Honduras, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tàn kálẹ̀ sí etí òkun yẹn. UNESCO ti ka èdè, ijó àti orin wọn sí ohun àjogúnbá aráyé.

Ẹ jẹ hudut níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè ni wọ́n ń fi odó àti ọmọ odó gún, odó onígi gíga, tí ìró ẹ̀ ń dún jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ọbẹ̀ àgbọn tó ní ẹja dídín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ bù ú. Tapado náà wà, ọbẹ̀ àgbọn tó kún fún ẹja, akàn, edé àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àbúrò yín lè jẹ méjèèjì, ẹja ni. Mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń gún un, kò sí èdè kankan láàárín wa, ó kàn na ọmọ odó sí mi, mo gbà á, mo gún un, ó ń fi ọwọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà sáàárín odó gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó jìnnà sí Antigua o, kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá láyè, ẹ má jẹ́ kó fò yín.

Àṣàkẹ́_Houston
Bọ̀dá Akin, ẹ ti dá kún ìnáwó mi báyìí, torí a gbọ́dọ̀ lọ. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé mo lè gbé tamal padà wá sí Houston fún ọkọ mi?

Fẹ́mi_Atlanta
Rárá o, àǹtí. Tamal ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìẹ, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹran láti ibẹ̀ kì í wọlé, èso tútù náà bẹ́ẹ̀. Kọfí tí wọ́n ti yan, ata cobanero gbígbẹ nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa, kóró elégédé tí wọ́n ti yan lọ̀, ṣokoléètì, ìwọ̀nyẹn ń kọjá. Ohunkóhun tó bá ṣáà jẹ́ oúnjẹ, ẹ sọ ọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fi hàn wọ́n. Tí wọ́n bá gba èyí tẹ́ ẹ sọ fún wọn, wọ́n á kàn jù ú nù ni, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ lè mú owó ìtanràn wá. Ẹ má ra cal o, ìyẹfun funfun nínú náílọ́ọ̀nù á fa ìbéèrè tí kò pọndandan, ó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò ní Houston níbẹ̀. Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ rà fún un ni pepitoria, ìyẹn kóró elégédé, àti yànmọ̀tí tí wọ́n ti yan, pẹ̀lú ata guaque gbígbẹ, kẹ́ ẹ wá fi se pepián fún un nílé.